Ọmọ jẹ́jẹ́ ni, àbí nǹkan ń ṣe é?

"Ọmọ yìí mà lẹ́kọ̀ọ́ o!" Kò sí ìyá tí ọ̀rọ̀ yìí kì í dùn mọ́ nínú. Àlejò wọlé, ọmọ ọdún 14 kúnlẹ̀ kí i, ó dojú bolẹ̀, ó fi ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ dáhùn ìbéèrè méjì, ó sì wọ yàrá lọ. Kì í bá ọmọ àdúgbò jà. Kì í rin ìrìnkurìn. Kò sẹ́ni tó ń wá a wá sílé, òun náà kì í wá ẹnikẹ́ni lọ. Ọmọ jẹ́jẹ́ là ń pe irú wọn, a sì máa ń fi wọ́n ṣe àpẹẹrẹ fún àwọn àbúrò tó ń dàlú rú.

Ó lè jẹ́ ọmọ jẹ́jẹ́ lóòótọ́. Ó sì lè jẹ́ pé ó ti tó ọdún kan tí òun àti ẹnikẹ́ni ti jọ sọ̀rọ̀ gidi nínú kíláàsì, pé tí wọ́n bá lu agogo ìsinmi, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ló ń lọ jókòó sí títí wọ́n á fi wọlé padà, pé gbogbo alẹ́ ọjọ́ Àìkú ni àyà rẹ̀ máa ń já nítorí ohun tí ọ̀la yóò mú wá. Bí ẹ bá wo àwọn ọmọ méjèèjì láti pálọ̀, ìbejì ni wọ́n. Ẹ kò lè mọ ọ̀kan yàtọ̀ sí ìkejì.

Ọ̀rọ̀ ìlera ọpọlọ àwọn ọmọ wa ti wá di ohun tí à ń gbọ́ lórí rédíò àti nínú ìpàdé òbí àti olùkọ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nínú ọmọ 7 tó wà láàárín ọdún 10 sí 19, ọ̀kan ní irú àìlera ọpọlọ kan tàbí òmíràn. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2023, wọ́n buwọ́ lu òfin ìlera ọpọlọ tuntun ní Nàìjíríà, èyí tó rọ́pò òfin ayé àwọn amúnisìn tí ìpìlẹ̀ rẹ̀ ti wà láti 1916, tó jẹ́ pé wèrè ni orúkọ òfin náà fúnra rẹ̀ ń pe aláìsàn. Gbogbo èyí dára. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tó wà lọ́kàn òbí kéré ju òfin lọ: ọmọ tèmi yìí, ṣé ìwà rẹ̀ ni, àbí ó yẹ kí n mú un lọ rí oníṣègùn?

Nílẹ̀ Yorùbá, ohun tó ń dí wa lójú jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni ẹ̀kọ́ ilé tí a fi ń yangàn. Ọmọ tí kì í wojú àgbà, ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀ àfi tí wọ́n bá bi í léèrè, ọmọ tí kì í bá àgbà jiyàn: bí a ṣe tọ́ ọ nìyẹn. Tí dókítà òyìnbó bá rí i, ó lè kọ ọ́ sílẹ̀ pé kì í wo ojú èèyàn. Àwa sì rí ọmọlúàbí. Nítorí náà, ìwà ọmọ níwájú àgbà kò lè sọ fún wa bóyá ara rẹ̀ yá. Àwọn oníṣègùn pàápàá mọ èyí. Ìlànà tí ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn ọpọlọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà fi ń dá ìbẹ̀rù àwùjọ mọ̀, ìyẹn ẹ̀rù pé àwọn èèyàn ń wo ni tàbí pé wọn yóò fi ni ṣe yẹ̀yẹ́, sọ ọ́ kedere pé tó bá jẹ́ ọmọdé, ìbẹ̀rù náà gbọ́dọ̀ hàn láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, kì í ṣe níwájú àgbàlagbà nìkan. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń sọ fún àwọn tó bá bi mí pé kí wọ́n yé wo ọmọ náà ní pálọ̀. Ẹ lọ wò ó níbi tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pọ̀ sí: lẹ́yìn ìsìn nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ bá dúró lábẹ́ igi, níbi ìnáwó, ní ẹnu ọ̀nà ilé ìwé nígbà tí wọ́n bá ń dúró de ọkọ̀. Bí ó bá wà ní bọ́dìn, ọjọ́ ìbẹ̀wò kì í ṣe ọjọ́ oúnjẹ nìkan. Ẹ ní kó mú ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan wá kó wá jẹ nínú ìrẹsì yẹn. Ta ló mú wá? Ṣé ó rí ẹnikẹ́ni mú wá?

Ọ̀rẹ́ kan ṣoṣo tó. Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ èyí dáadáa, torí àwọn òbí kan ti ń fi ọ̀rọ̀ yìí kó ara wọn láyà sókè. Ọmọ tó fẹ́ràn ìdákẹ́jẹ́, tó ń kàwé, tó ń yàwòrán, tó sì ní ọ̀rẹ́ kan tí wọ́n jọ ń rẹ́rìn-ín, nǹkan kan kò ṣe é. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọmọ ọdún 13 tó déédéé bẹ̀rẹ̀ sí í ti ilẹ̀kùn, tí kò fẹ́ kí bàbá rẹ̀ sìn ín dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwé mọ́, tó ń di fóònù mú bíi pé ibẹ̀ ni ẹ̀mí rẹ̀ wà. Ìbàlágà ni. Kò sí ilé ìwòsàn tó ń wo ìyẹn.

Ohun tó yẹ kó ta wá lólobó ni ìyípadà. Ẹ má fi ọmọ wé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó lẹ́nu bí ológoṣẹ́. Ẹ fi wé ara rẹ̀ ní ọdún tó kọjá. Ọmọ tó ti ń gbá bọ́ọ̀lù tẹ́lẹ̀ tí kò gbá a mọ́. Ọmọbìnrin tó wà nínú ẹgbẹ́ akọrin tó wá ní òun kò lọ mọ́, tí kò sì rí ìdí kan sọ. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ bi ara yín ní ohun tí ọ̀rọ̀ náà ti gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣé ó ń pa ilé ìwé jẹ? Ṣé èsì ìdánwò rẹ̀ ti já wálẹ̀ láàárín sáà kan sí èkejì? Ṣé ó ń sùn, ṣé ó ń jẹun, ṣé ó ṣì ń wẹ̀ láìjẹ́ pé wọ́n lé e? Ìtìjú lásán kì í gba oúnjẹ lẹ́nu ọmọ. Ẹ wo bó ti pẹ́ tó pẹ̀lú. Fún ìbẹ̀rù àwùjọ, oṣù 6 ni àwọn oníṣègùn sábà máa ń wò kí wọ́n tó fún un lórúkọ. Fún àìsàn ìsoríkọ́, ọ̀sẹ̀ 2 tí ojú ọmọ kò fi yá rárá, láràárọ̀, lálaalẹ́, ti tó láti mú un lọ. Ẹ má retí oṣù 6 nínú ìyẹn.

Ìsoríkọ́ náà ní ẹ̀tàn tirẹ̀ lára ọ̀dọ́langba. Àgbà tó bá ní in máa ń fajú ro, á máa sunkún. Lára ọmọ ọdún 15, ìbínú ló sábà máa ń gbé wọ̀. Ọ̀rọ̀ kékeré, ó ti gbaná jẹ. Wọ́n ní kó fọ abọ́, ó fọ́ abọ́. A ó ní agídí ni, a ó ní ẹgbẹ́ burúkú ló kó, a ó sì nà án. Nígbà mìíràn ẹgbẹ́ burúkú ni lóòótọ́, igbó tàbí tramadol ti wọ̀ ọ́, ìyẹn náà sì nílò oníṣègùn ju pàṣán lọ.

Àwọn ọmọ kan tún wà tó jẹ́ pé láti kékeré ni bíbá èèyàn ṣe ti ń ṣòro fún wọn, ṣùgbọ́n tí ẹnikẹ́ni kò kíyè sí i nítorí pé wọ́n mọ̀wé. Àwọn tó ní autism, tí wọn kì í tètè mọ ìgbà tí èèyàn ń ṣe àwàdà, tí wọ́n lè máa sọ̀rọ̀ ọkọ̀ òfúrufú fún wákàtí kan láì rí i pé ó ti sú ẹni tó ń gbọ́. Ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, eré sísá àti bọ́ọ̀lù ni ọ̀rẹ́. Ó ṣeé dára pọ̀ mọ́. Tó bá wá di JSS2, ọ̀rọ̀ àbọ̀ ni wọ́n ń bá ara wọn sọ, ẹ̀dà ọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ inú WhatsApp tí èèyàn gbọ́dọ̀ mọ ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ibẹ̀ ni ọmọ náà á ti já lẹ́yìn wọn. Ti àwọn ọmọbìnrin tilẹ̀ tún pamọ́ jù, torí wọ́n máa ń wo bí àwọn yòókù ṣe ń ṣe, wọ́n á sì máa fara wé e títí yóò fi rẹ̀ wọ́n. Ìyá á ní, "Ní ilé ìwé ara ẹ̀ yá, tó bá délé ló ń ya wèrè." Ó ti fi gbogbo ọjọ́ díbọ́n ni.

Kí a tó dé ti ọpọlọ rárá, ẹ jẹ́ ká yẹ ara wò. Mo fẹ́ràn kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ níbí, torí ó rọrùn, ìtìjú kò sì sí níbẹ̀. Ọmọ tí etí rẹ̀ kan kò gbọ́ dáadáa kò ní lè bá ariwo ọ̀rẹ́ mẹ́fà lọ, yóò sì yàgò fún wọn. Ọmọ tí kò rí ojú pátákó, wọ́n á ní òpè ni. Ọmọ tó ní àrùn fòníkúfọ̀ladìde sábà máa ń pẹ́ kó tó balágà. Ọmọ ọdún 15 tí ara rẹ̀ jọ ti ọmọ ọdún 11, ẹ̀yin náà ẹ fojú inú wo yẹ̀yẹ́ tí wọ́n ń fi í ṣe ní yàrá ibùsùn bọ́dìn. Bí ó bá sì jẹ́ pé àwọn àgbà ilé ìwé ló ń fìyà jẹ ọmọ, tí wọ́n ń gba oúnjẹ rẹ̀, tí wọ́n ń nà án lóru, ìbẹ̀rù rẹ̀ kì í ṣe àìsàn. Orí rẹ̀ pé. Ilé ìwé yẹn ló yẹ kí ẹ kọ́kọ́ tọ́jú.

Ara ni àwọn ọmọ wa sábà máa ń fi sọ̀rọ̀ ọkàn. Ọmọ Yorùbá kì í sábà wí pé "ìbẹ̀rù àwùjọ ń dà mí láàmú." Inú rírun ni yóò pè é, ní aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀ ọjọ́ Ajé, tí inú náà yóò sì dákẹ́ ní aago mẹ́sàn-án tí wọ́n bá ti ní kó má lọ mọ́. Orí rẹ̀ gbóná, nǹkan ń rìn nínú orí rẹ̀, ó ń kàwé kò wọlé. Ní 1960, dókítà ará Kánádà kan, Raymond Prince, kọ̀wé nípa irú èyí lára àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà. Orúkọ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fúnra wọn ń pè é, brain fag, ló lò fún un. Àwọn ọ̀mọ̀wé ṣì ń jiyàn títí dòní bóyá àìsàn ọ̀tọ̀ ni tàbí ìdààmú ọkàn tó gbé ẹ̀wù ara wọ̀. Fún òbí, àríyànjiyàn yẹn kò ṣe pàtàkì. Inú rírun tó mọ ọjọ́ Ajé yàtọ̀ sí Sátidé ní ohun tó fẹ́ sọ, ẹ má sì pe ọmọ ní òpùrọ́. Inú náà ń run ún ní tòótọ́.

Àwọn àgbà ilé ní àlàyé tiwọn. Ọmọ tó bá dá wà jù, tó ń dá rẹ́rìn-ín, tó ń dá sọ̀rọ̀, wọ́n á ní emèrè ni, ó ní ẹgbẹ́ lọ́run ni kò ṣe wá ti ayé. Wọ́n á ní kí wọ́n ra ìrèké, ẹ̀pà, àádùn àti súìtì, kí wọ́n pe àwọn ọmọdé jọ kí wọ́n pín in. Èmi kò ní bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìyẹn. Ó kéré tán, ọjọ́ yẹn àwọn ọmọ àdúgbò yóò wá sílé. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni èyí tó máa ń tẹ̀ lé e nígbà tí ìyẹn kò bá ṣiṣẹ́: orí òkè, ààwẹ̀ gbígbẹ fún ọmọ tí kò jẹun tẹ́lẹ̀, ẹgba, ẹ̀wọ̀n. Kí pásítọ̀ gbàdúrà, kí àlùfáà náà ṣe é. Ẹni tó bá ní kí ẹ má gbé ọmọ lọ sọ́dọ̀ dókítà, tàbí tó fẹ́ dè é mọ́lẹ̀, ẹ gba ọmọ yín lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìdí mìíràn tí a fi ń pẹ́ ni ọ̀rọ̀ tí àwọn baba wa máa ń sọ, pé wèrè tó bá ti wọ ọjà kò ṣeé wò mọ́. Àwọn ẹbí máa ń tìtorí rẹ̀ fi ọmọ pamọ́ kí ọjà má baà rí i. Ẹ̀rù àìrí ọkọ tàbí aya fẹ́ lọ́la wà níbẹ̀ pẹ̀lú, torí a máa ń wádìí ìdílé kí a tó ṣe mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ òwe yẹn dáadáa. Ó ń sọ pé kí wọ́n tètè wò ó kó tó wọ ọjà. Àwa la yí i padà sí pé kí a gbé e pamọ́.

Ta ni kí ẹ wá kọ́kọ́ bá? Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ilé ìwé. Iṣẹ́ olùdámọ̀ràn ní ilé ìwé girama kì í ṣe tuntun níbí, ní St. Theresa's College, Òkè-Àdó, Ìbàdàn, ní 1959 ni wọ́n sọ pé ó ti bẹ̀rẹ̀, nígbà tí àwọn sístà ibẹ̀ fẹ́ ran àwọn ọmọbìnrin tó fẹ́ jáde lọ́wọ́ láti yan iṣẹ́. Ní ọ̀pọ̀ ilé ìwé lónìí, ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ náà ló tún ń kọ́ wọn ní Civic, tábìlì rẹ̀ sì wà láàárín yàrá àwọn olùkọ́ níbi tí ọmọ kò ti lè sọ̀rọ̀ àṣírí. Síbẹ̀, ẹ bá a sọ̀rọ̀. Ó mọ ohun tí ẹ kò mọ̀: ẹni tí ọmọ yín ń jókòó tì, ìgbà tí ìbẹ̀rù bẹ̀rẹ̀.

Tó bá kọjá agbára ilé ìwé, ẹ ní kí dókítà tí ẹ ń lò kọ lẹ́tà fún yín. UCH ní Ìbàdàn ní ẹ̀ka tó wà fún ọpọlọ àwọn ọmọdé àti ọ̀dọ́langba lọ́tọ̀. Láti ibẹ̀ ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Olayinka Omigbodun, tó ti ṣe ààrẹ ẹgbẹ́ àgbáyé àwọn oníṣègùn ọpọlọ ọmọdé, ti ń ṣiṣẹ́. Ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ ní Yábà, tó ti wà láti 1907, ní ẹ̀ka ti àwọn ọmọ ní Oshòdì. Aró wà ní Abẹ́òkúta. Mo mọ̀ pé orúkọ Aró nìkan tó láti lé ìyá ọmọ sá. Ṣùgbọ́n ẹ rántí ohun tí Thomas Adeoye Lambo ṣe níbẹ̀ láti 1954: ó fi àwọn aláìsàn sínú àwọn abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká, pẹ̀lú ẹbí wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, wọ́n ń gba ìtọ́jú lọ́sàn-án, wọ́n ń gbé láàárín èèyàn. Gbogbo ayé wá kẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀. Ìṣòro tiwa báyìí ni pé àwọn oníṣègùn kò tó, àwọn tó sì wà ń japa. Ẹ lè dúró pẹ́ kí ó tó kàn yín. Ẹ̀yin tó wà ní London, ọ̀dọ̀ GP, dókítà àdúgbò yín, ni ẹ ti máa bẹ̀rẹ̀, òun ni yóò darí yín sí CAMHS, ẹ̀ka ìjọba tó ń tọ́jú ọpọlọ àwọn ọmọdé àti ọ̀dọ́langba, níbi tí ìlà náà ti gùn. Ohun tí n kò fọwọ́ sí ni dídá ọmọ tó ti ń ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀ padà sí bọ́dìn ní Nàìjíríà pé kó lọ gbọ́n. Ọ̀rẹ́ kan tó ṣẹ́ kù fún un lẹ gbà yẹn.

Kí ni wọ́n ń ṣe fún àwọn ọmọ tí a bá gbé lọ sọ́dọ̀ àwọn oníṣègùn yìí? Ọ̀pọ̀ ìgbà, kì í ṣe abẹ́rẹ́, kì í ṣe oògùn oorun. Fún ọmọ tí ìbẹ̀rù àwùjọ ń bá jà, ọ̀rọ̀ sísọ àti ìgbésẹ̀ kéékèèké ni iṣẹ́ náà. Òun àti onímọ̀ yóò jọ to àwọn ohun tó ń bà á lẹ́rù sílẹ̀ bí àtẹ̀gùn, láti èyí tó fúyẹ́ jù. Ọ̀sẹ̀ yìí, kó lọ ra búrẹ́dì fúnra rẹ̀, kó kí ìyá oníbúrẹ́dì. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, kó ná an. Lẹ́yìn náà, kó dáhùn sókè tí wọ́n bá pe orúkọ ní kíláàsì. Kó bi olùkọ́ ní ìbéèrè kan. Kó jókòó ti ẹnì kan ní àkókò ìsinmi, ìṣẹ́jú márùn-ún. Àyà rẹ̀ yóò já ní gbogbo ìgbà, òun náà mọ̀, ṣùgbọ́n kò ní sá, yóò dúró títí àyà náà yóò fi rọ̀. Bí ó ṣe ń rí i pé kò sí ohun tó pa òun ni ẹ̀rù ń dín kù. Oògùn máa ń wọ̀ ọ́ nígbà tí ọ̀rọ̀ bá le, lábẹ́ ojú dókítà.

Àwọn òbí sábà máa ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ lọ́nà méjì tó lòdì síra wọn. Àwọn kan á gbé ọmọ sọ sínú odò: wọ́n á ní kó wá ka ẹsẹ Bíbélì níwájú gbogbo ìjọ kí ojú lè là á. Ó lè dá sáré kúrò lórí pẹpẹ, kó má sì wọ ṣọ́ọ̀ṣì mọ́. Àwọn mìíràn ń ṣàánú rẹ̀ jù, àwọn ló ń bá a dáhùn ìbéèrè, àwọn ló ń bá a pe olùkọ́, wọ́n ní kó máa jẹun ní yàrá tí àlejò bá dé. Ìfẹ́ ni, ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù ni wọ́n ń bọ́.

Àwọn àmì kan wà tí a kì í dúró de lẹ́tà dókítà tí a bá rí wọn. Ọmọ tó ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́, tàbí tó dá a lójú pé gbogbo kíláàsì ló ń dìtẹ̀ láti pa òun. Ọmọ tí kò sùn fún ọjọ́ púpọ̀. Ọmọ tó ń ya ara rẹ̀ lọ́bẹ, tó ń wọ aṣọ ọlọ́wọ́ gígùn nínú oòrùn. Ọmọ tó ní ó sàn kí òun má sí láyé, tó ń pín ohun ìní rẹ̀ tó fẹ́ràn fún àwọn àbúrò. Ẹ bi í ní tààrà: "Ṣé ó ti wá sí ọ lọ́kàn láti pa ara rẹ?" Ìbéèrè náà kò ní fi èrò náà sí i lórí, ó máa ń sọ ẹrù kalẹ̀ fún un ni. Tó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má fi í sílẹ̀ lóun nìkan, ẹ kó oògùn apakòkòrò àti gbogbo oògùn inú ilé kúrò níbi tí ọwọ́ rẹ̀ lè tó, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn tó súnmọ́ jù lọ́jọ́ náà. Èpè, ìwàásù àti "ṣé o kò mọ̀ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni?" lè dúró.

Tí ọjọ́ àtilọ rí dókítà bá wá pé, ẹ má tan ọmọ pé ọ̀dọ̀ àǹtí rẹ̀ lẹ ń lọ. Ẹ sọ fún un láti alẹ́ pé ẹ ti rí i pé nǹkan ń nira fún un, pé ẹ fẹ́ kí ẹni tó mọ̀ nípa rẹ̀ bá yín dá sí i. Ẹ mú káàdì èsì ìdánwò ọdún méjì dání, àti orúkọ oògùn yòówù tó ń lò. Ẹ kọ ìgbà tí ẹ kọ́kọ́ rí ìyípadà sílẹ̀, torí ẹ óò gbàgbé tí ẹ bá dé ibẹ̀. Dókítà yóò bi yín ní ìbéèrè nípa oyún rẹ̀, ìgbà tó rìn, ìgbà tó sọ̀rọ̀, bóyá ẹnikẹ́ni nínú ìdílé ti ṣàìsàn irú èyí rí. Ẹ sọ òtítọ́, títí kan ti bùọ̀dá yẹn tí ẹ kì í dárúkọ. Tó bá yá, yóò ní kí ẹ bọ́ síta díẹ̀ kí òun àti ọmọ lè sọ̀rọ̀. Ẹ bọ́ síta.